Rílè Tí Bàbá Mi Ní Kò Bàjẹ́

Ní ilé wa ní Nombakélé, kì í ṣe àkùkọ ló máa ń jí mi. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ni yóò kọ́kọ́ wúkọ́, tí yóò sì dá orin ṣọ́ọ̀ṣì tó gbé wá láti Abẹ́òkúta. Kó tó dé ẹsẹ kejì, ìgbálẹ̀ Mama Angèle yóò ti bẹ̀rẹ̀ ní apá kejì àgbàlá, ṣàà, ṣàà, ṣàà, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ omi ìta á bẹ̀rẹ̀ sí í tu itọ́ kí omi gidi tó jáde. Ilé pákó onípáànù ni ilé náà, ìgànná pákó kan ṣoṣo ló sì pín in sí méjì. Àwa Yorùbá wà ní ọwọ́ òsì. Papa Ndong, ìyàwó rẹ̀ àti Angèle ọmọ wọn, tí wọ́n jẹ́ Fáàńgì, ẹ̀yà ìbílẹ̀ ilẹ̀ onífaransé tí bàbá mi ṣí wá, wà ní ọwọ́ ọ̀tún. Bí ẹnìkan bá sín lọ́hùn-ún, Ìyá Àgbà á kí i "pẹ̀lẹ́ o" láti ìhín, wọ́n á sì dá a lóhùn ní Faransé. Èmi tí mò ń sọ ọ̀rọ̀ yìí ti di ìyá àgbà fúnra mi. Angondjé ni mò ń gbé báyìí, nínú ilé bíríkì tí ọmọ mi kọ́, níbi tí ògiri ti nípọn débi pé èèyàn lè sín títí ilẹ̀ á fi ṣú kí aládùúgbò má mọ̀. Nígbà tí ìtàn yìí ṣẹlẹ̀, igbó ni gbogbo ibí. Òmìnira ṣì jẹ́ tuntun. Àsíá aláwọ̀ ewé, àwọ̀ òòrùn àti àwọ̀ òkun náà ṣì ń dán lójú wa, wọ́n sì ń kọ́ wa ní orin rẹ̀ nílé ìwé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Bọ́sẹ̀ ni wọ́n ń pè mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ mìíràn ni àwọn olùkọ́ fi sínú ìwé.

Iṣẹ́ rìwáyà ni bàbá mi ń ṣe. Èkó ló ti kọ́ ọ, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe nítòsí èbúté, kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá síbí. Iléeṣẹ́ kan tó ń la ọ̀nà ló gbà á síṣẹ́, òun ló sì ń mójú tó iná gbogbo ẹ̀rọ ńláńlá wọn: katapílà tó ń ti igi ṣubú, èyí tó ń tẹ́ ilẹ̀, èyí tó ń yí òkúta mọ́lẹ̀. Ó máa ń gbé iṣẹ́ wálé nígbà mìíràn. Á tẹ́ ìwé ìròyìn àtijọ́ sórí tábìlì tí a ti ń jẹun, á gbé bátìrì kan sílẹ̀, á so gílóòbù kékeré kan mọ́ wáyà, á wá gbé rílè kalẹ̀ sáàárín wọn. Àpótí irin kékeré ni, kò ju ọṣẹ ìfọṣọ kan lọ. Mo bi í léèrè ohun tó ń ṣe. Ó ní súìṣì tí awakọ̀ ń tẹ̀ kò lágbára láti gbé iná tó lè jí ẹ̀rọ katapílà. Bí wọ́n bá ní kó gbé e, yóò jó. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi rílè sáàárín. Iná díẹ̀ láti ọ̀dọ̀ súìṣì á wọ inú wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n wé sínú rílè, á sọ irin inú rẹ̀ di òòfà, òòfà á fa ètè irin méjì mọ́ ara wọn, iná ńlá á sì gba ibẹ̀ kọjá sọ́dọ̀ sítátà tó ń jí ẹ̀rọ. "Ó dà bí ìgbà tí Ìyá bá jókòó sínú yàrá," ni bàbá mi wí, "tí wọ́n ní kí o sáré lọ pè mí níta. Ohùn wọn kò lè dé ọ̀dọ̀ mi, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ lè dé e." Nígbà tí ètè méjèèjì bá pàdé, wọ́n á dún tá! Dídún yẹn ló ń fi etí wá. "Bí ó bá dún tí ẹ̀rọ kò yí, ètè rẹ̀ ni kí o yẹ̀ wò, ó lè ti jó. Bí kò bá dún rárá, yẹ inú rẹ̀ wò, tàbí wáyà tó ń gbé iná wá bá a." Mo lè fi ojú mi rí i títí di òní, orí rẹ̀ tó tẹ̀ sápá kan bí ti ẹni tó ń gbọ́ àṣírí, tá, tá, tá, gílóòbù á máa tàn á máa kú, ìyá mi á sì máa kùn pé òróró ẹ̀rọ máa ba tábìlì òun jẹ́.

Papa Ndong ni awakọ̀ katapílà tó tóbi jù ní iléeṣẹ́ náà. Èèyàn gíga ni, èjìká rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ bí ti ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn. Ó fẹ́ràn katapílà yẹn débi pé ìyàwó rẹ̀ ń pè é ní orogún òun. Ọkọ̀ akẹ́rù kan náà ló ń gbé òun àti bàbá mi lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, wọ́n á sì jọ rìn bọ̀ nírọ̀lẹ́ láti ìkóríta, bàtà wọn pupa fún erùpẹ̀. Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ní Faransé, Papa Ndong kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ní èdè kankan, nítorí náà wọ́n bá ara wọn mu. Àwọn ìyàwó ló ń sọ̀rọ̀ fún wọn. Ìyá mi á din ẹja, á fi ọwọ́ mi ránṣẹ́ sí Mama Angèle. Mama Angèle á fi ọwọ́ Angèle dá abọ́ padà pẹ̀lú gbágùúdá tí wọ́n lọ̀ tí wọ́n wé sínú ewé, tàbí ọbẹ̀ ọ̀dìkà. Ìyá Àgbà kọ́kọ́ fi ojú burúkú wo ọ̀dìkà yẹn, nítorí ó dúdú bí ọṣẹ. Ọjọ́ tó tọ́ ọ wò ló pariwo pé àpọ̀n ni, àpọ̀n tiwa gan-an ni, pé àwọn ará ibí kàn sun ún kí wọ́n tó lọ̀ ọ́ ni. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń sọ pé àwọn Fáàńgì àti àwọn Ẹ̀gbá á ti pàdé níbìkan rí.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí iṣẹ́ ọ̀nà ń lọ kíákíá kí òjò tó dé. Òyìnbó kan ló ń bojú tó iṣẹ́ lórí pápá. Ṣẹ́fù ni gbogbo wọn ń pè é. Òfin rẹ̀ ni pé bí aago méjìlá bá ti lù, kí gbogbo awakọ̀ pa ẹ̀rọ, kí wọ́n jẹun, kí wọ́n sì tàn án padà láìpẹ́. Lọ́jọ́ kan, Papa Ndong jẹun tán, ó gun katapílà, ó tẹ súìṣì, katapílà dákẹ́ bí òkú ẹran. Ó tẹ̀ ẹ́ títí. Wọ́n ránṣẹ́ pe bàbá mi láti ibi àtúnṣe ọkọ̀ lẹ́bàá èbúté. Kí ọkọ̀ tó gbé e la gbogbo erùpẹ̀ yẹn kọjá, ó ti tó wákàtí méjì. Bàbá mi gòkè, ó tẹ súìṣì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, katapílà bú ramúramù. Nígbà tó tún ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì, àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Nígbà kẹta, Ṣẹ́fù kò rẹ́rìn-ín. Ó ní láàárọ̀ ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, nígbà tí rìwáyà bá dé ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ nìkan ni kì í ṣiṣẹ́, nígbà tí oorun ń kun èèyàn. Ó wo gbogbo wọn lójú, ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti yí àsíá padà ni iṣẹ́ ti sú wọn. Ó ní kí bàbá mi tú rílè náà, kó gbé e lọ sórí tábìlì àtúnṣe, kó dán an wò dáadáa, kó sì kọ ohun tó bá rí sínú ìwé.

Bàbá mi dán an wò láti òwúrọ̀ di ọ̀sán. Ó so ó mọ́ bátìrì, ó ń dún tá, gílóòbù ń tàn. Kò kùnà rí. Ó mú gègé, ó kọ ọ́ ní Faransé pé ó dára, ó sì fọwọ́ sí i. Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n ní kí Papa Ndong lọ jókòó sílé títí ọ̀gá àgbà tó rìnrìn àjò á fi dé, tí á sì dá a dúró pátápátá. Awakọ̀ mìíràn gun katapílà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí i tí Papa Ndong dúró ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn wa tí kò gòkè. Mò ń fọ abọ́ lórí pákó ìta. Bàbá mi jáde sí i pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì lọ́rùn.

"Jósẹ́fù, ṣé ìwọ lo kọ̀wé yẹn?"

"Èmi ni."

"O kọ ọ́ pé rílè dára?"

"Ó dára. Mo dán an wò títí ìka fi ń ro mí."

"Nígbà náà, òpùrọ́ ni mí."

"N kò kọ ìyẹn, Ndong."

"O kò kọ ọ́," ni Papa Ndong wí, ohùn rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ ga sókè. "Ṣùgbọ́n ohun tí Ṣẹ́fù kà níbẹ̀ nìyẹn."

Ó yí padà, ó wọlé. Láti ìgbà yẹn ni ilé wa ti di ilé méjì lóòótọ́. Mama Angèle ń gbálẹ̀ dé àárín àgbàlá, á sì dá ìgbálẹ̀ dúró níbẹ̀ bí ẹni pé odò ló wà níwájú rẹ̀. Abọ́ ẹja tí mo gbé lọ, ó padà pẹ̀lú ẹja inú rẹ̀. Angèle, tí a jọ ń di ọwọ́ mú lọ sílé ìwé, bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ní òdìkejì títì, ó sì ń yára kí n má bàa bá a. Mo kórìíra bàbá mi díẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Ọmọdé kì í mọ̀ pé àgbà lè ṣe àṣìṣe láìpurọ́. Lójú tèmi, nínú àwọn méjèèjì, ẹnìkan gbọ́dọ̀ jẹ́ èèyàn burúkú, n kò sì fẹ́ kó jẹ́ bàbá Angèle. Bí ẹnìkan bá sín lẹ́yìn pákó, Ìyá Àgbà ṣì ń sọ pé "pẹ̀lẹ́ o", ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń dá a lóhùn mọ́.

Katapílà kò sì kùnà mọ́. Awakọ̀ tuntun ń pa á lọ́sàn-án, ó ń tàn án padà, Ṣẹ́fù sì ń wo bàbá mi bí ẹni tí wọ́n jọ mọ òótọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ bàbá mi nínú. Lórí ẹ̀bà ló ti sọ ọ́ jáde lọ́jọ́ kan, kì í ṣe fún ẹnikẹ́ni nínú wa. Ó ní, "Nǹkan méjì la pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. A pààrọ̀ awakọ̀, a sì ti fi rílè tuntun sí i. Báwo la ṣe mọ èwo nínú méjèèjì ló jẹ́ kó dára?"

Ìyá Àgbà ń yọ egungun ẹja lẹ́nu. Ó yọ ọ́ tán kó tó sọ̀rọ̀.

"Jósẹ́fù, ṣé o bi irin yẹn léèrè?"

"Ìyá, mo bi í láti àárọ̀ di ọ̀sán."

"Ṣé o bi ọkùnrin náà?"

Bàbá mi dá òkèlè tó ti bù padà sínú abọ́.

"A-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, òṣìkà èèyàn," ni Ìyá Àgbà wí, ó sì na ọwọ́ sí omi ìfọwọ́.

Bàbá mi lọ kan ilẹ̀kùn Papa Ndong ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ilẹ̀kùn kò ṣí. Ìyá mi ló rí ọ̀nà. Ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì, ó ní kí n gbé kékeré, ó sì lọ dúró sídìí ẹ̀rọ omi ní àkókò tó mọ̀ pé Mama Angèle máa ń pọnmi. Nígbà tí ó dé, ìyá mi kò yẹ̀ fún un, kò sì bẹ̀ ẹ́. Faransé ọjà ni wọ́n máa ń bá ara wọn sọ, ó kúrú, kò ní ọ̀ṣọ́.

"Mama Angèle, n kò wá bẹ̀bẹ̀ fún ọkọ mi. Mo fẹ́ mọ ohun tí ojú ọkọ rẹ rí lórí ẹ̀rọ yẹn."

Mama Angèle wo bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Ó ní, "Ó ní láàárọ̀ kì í ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ nìkan ni, nígbà tí ẹ̀rọ ti ṣiṣẹ́ gan-an tí wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ pa á. Ó ní bí òun bá fọwọ́ kan àpótí kékeré yẹn nígbà náà, kíá lòun á yọ ọwọ́, bí ìgbà tí èèyàn di ìdérí ìkòkò mú. Ó sọ fún ọ̀gá wọn." Ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì rù. "Kò sẹ́ni tó kọ ìyẹn sílẹ̀."

Nígbà tí ìyá mi sọ ọ́ fún bàbá mi, ó jókòó. Mo rántí bó ṣe gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí. Gbogbo ìgbà tí òun dé pápá, irin ti tutù. Gbogbo ìgbà tí òun dán rílè wò lórí tábìlì, inú òjìji ni, afẹ́fẹ́ òkun sì ń fẹ́ sí i. Òun kò bá rílè náà pàdé rí ní ipò tí Papa Ndong ti ń bá a pàdé lójoojúmọ́.

Ó tọrọ rílè yẹn lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́jú irinṣẹ́, nítorí wọ́n ti tò ó sórí pẹpẹ pẹ̀lú àwọn tó dára, ó sì gbé e wálé lọ́jọ́ Sátidé. Ìyá mi ń yan ẹ̀pà lọ́wọ́ nínú agbada oníyanrìn ní ìta. Bàbá mi ní kó bá òun kó ẹ̀pà kúrò. Ìyá mi bi í bóyá orí rẹ̀ pé. Bàbá mi gbé agbada kúrò lórí iná, ó dúró kí yanrìn rọ̀ díẹ̀, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ tọ́ ọ wò, kó má bàa gbóná ju ohun tí Papa Ndong sọ lọ. Ó wé aṣọ mọ́ àwọn wáyà tó gùn, ó so wọ́n mọ́ bátìrì àti gílóòbù, ó sì tẹ rílè náà sínú yanrìn. Gbogbo wa yí i ká, Ìyá Àgbà lórí àpótí ìjókòó rẹ̀. Ó fi wáyà kan orí bátìrì. Tá! Gílóòbù tàn. Ó dúró díẹ̀. Tá! Ó tàn. Ìyá mi ti ń wo ẹ̀pà rẹ̀. Bàbá mi fọwọ́ kan irin náà, ó yọ ọwọ́ kíá, ó tún fi wáyà kan bátìrì.

Kò dún.

Ó tún fi kàn án. Ó yẹ orí bátìrì wò, ó ha á, ó fi gílóòbù sí i tààràtà, gílóòbù tàn yòò. Bátìrì kò ṣàìsàn. Ó padà sórí rílè. Kò dún, kò tàn. Èmi tí mo ti gbọ́ dídún yẹn ní gbogbo ayé mi, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà bà mí lẹ́rù. Ó gbé rílè kúrò nínú yanrìn, ó gbé e sórí òkúta lábẹ́ igi máńgòrò, a sì jókòó tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ aláìsàn. Nígbà tó tutù, tá! Ó tàn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló tún mú yanrìn gbóná, ẹ̀ẹ̀mẹta ni rílè sì yadi, tó tún fọhùn nígbà tó tutù. Lẹ́yìn náà ló tú ìdérí rẹ̀, ó gbé e sún mọ́ ojú, ó sì fi hàn wá. Níbi tí wọ́n ti fi òjé lẹ orí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ náà mọ́ irin, òjé ti sán, sísán tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun. Bí ó bá tutù, ẹnu sísán náà á pa dé, iná á kọjá. Bí ooru bá mú un, irin á wú, ẹnu rẹ̀ á yà díẹ̀ péré, iná á kú.

"Ndong kò purọ́," ni bàbá mi wí.

Ìyá mi ló kọ́kọ́ ronú kan ohun tó kàn. Ó fi Yorùbá sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, nítorí ìgànná pákó. "Bàbá Bọ́sẹ̀, àlejò ni wá níbí. Bí ẹ bá lọ sọ fún òyìnbó pé ìwé yín kò tọ́, tí ó bá lé yín, ibo la fẹ́ kọjú sí? Ṣé ẹ ò lè dọ́gbọ́n dá rílè yẹn padà, kí ẹ kàn ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bàjẹ́ ni?"

"Bí mo bá ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bàjẹ́, Ndong ṣì jẹ́ òpùrọ́."

"Mo mọ̀."

"Ọwọ́ mi yìí ni mo fi kọ ọ́, Ìyá Bọ́sẹ̀."

Ìyá mi kò sọ nǹkan kan mọ́. Ó da ẹ̀pà padà sínú yanrìn, ó sì ń yan án lọ. N kò tíì lọ́kọ nígbà náà, n kò mọ ohun tó ná an láti dákẹ́ báyẹn. Mo ti mọ̀ ọ́n báyìí.

Lọ́jọ́ Ajé bàbá mi wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó fi rílè sínú àpò. Díẹ̀díẹ̀ la gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, lórí oúnjẹ, nítorí bàbá mi kì í ṣe ẹni tó mọ ìtàn í sọ. Ọ̀gá àgbà ti dé láti ìrìn àjò; òun àti Ṣẹ́fù jọ dúró. Bàbá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí òun dá rílè náà padà sórí katapílà, kí awakọ̀ tuntun ṣiṣẹ́ di ọ̀sán, kí ó pa ẹ̀rọ, kí ó sì tàn án padà níṣojú wọn. Wọ́n gbà. Awakọ̀ tuntun tẹ súìṣì títí, katapílà kò mira. Ṣẹ́fù fa ìwé ọjọ́sí yọ, ó bi bàbá mi bóyá irọ́ ló kọ síbẹ̀ nígbà náà. Bàbá mi ní òun kọ ohun tí òun rí, ṣùgbọ́n òun kò tíì rí gbogbo rẹ̀ nígbà tí òun fọwọ́ sí i, ẹ̀bi òun sì nìyẹn. Ọ̀gá àgbà ní kí wọ́n pe Ndong padà. Ó tún ní kí wọ́n mú bàbá mi kúrò nídìí tábìlì àtúnṣe. Títí ẹ̀ẹ̀rùn fi parí, bátìrì ni wọ́n ń ní kó fọ̀, kó sì máa bu omi sínú wọn, iṣẹ́ tí wọ́n ń gbé fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Àwọn ṣòkòtò rẹ̀ kún fún ihò kéékèèké tí omi bátìrì jó. Ìyá mi ń dí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì sọ ọ́ rí pé "ṣé mo sọ fún yín."

Papa Ndong padà sórí katapílà rẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ṣùgbọ́n kò bá wa sọ̀rọ̀. Ó ń kọjá níwájú àtẹ̀gùn wa láàárọ̀, ó ń wo iwájú. Nínú ọkọ̀ akẹ́rù, bàbá mi jókòó níwájú, òun jókòó lẹ́yìn. Èmi rò pé ọ̀rọ̀ ti tán, pé ẹni tó bá ti gba iṣẹ́ rẹ̀ padà yẹ kó máa rẹ́rìn-ín. Mo sì bínú sí Angèle pé kò tíì padà sí ẹ̀gbẹ́ títì tèmi. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ni Ìyá Àgbà bi bàbá mi ní ìbéèrè kan péré. Ó ní, "O ti sọ fún òyìnbó. Èmi ń bi ọ́, ta lo ṣẹ̀ gan-an, ṣé òyìnbó ni?" Bàbá mi dìde lórí oúnjẹ. Ó bọ́ bàtà sílẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀ sí àgbàlá, a sì tẹ̀ lé e, ìyá mi, èmi, Ìyá Àgbà pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀.

Papa Ndong jókòó sórí àga níwájú ilé rẹ̀, Angèle ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ iná, ìyá rẹ̀ sì ń ro ọbẹ̀. Bàbá mi rìn kọjá ibi tí ìgbálẹ̀ máa ń dúró. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà rẹ̀ àti ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀ nínú erùpẹ̀.

Papa Ndong fò dìde. Ó rò pé ó ṣubú ni. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ó di apá rẹ̀ mú, ó ń pariwo pé, "Jósẹ́fù! Jósẹ́fù! Kí ló mú ọ? Ẹ mú omi wá!" Mama Angèle ju ṣíbí sílẹ̀. Bàbá mi kò dìde, bí wọ́n ṣe ń fà á ló ń lẹ̀ mọ́lẹ̀, èyí sì tún jẹ́ kí ẹ̀rù bà wọ́n sí i.

"Sọ fún un pé kò ṣubú," ni Ìyá Àgbà wí. Èmi ló ń wò, nítorí èmi ni Faransé mi yá jù nínú ilé wa.

Mo ronú títí, n kò rí ọ̀rọ̀ Faransé kankan fún ìdọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Papa Ndong, kò ṣubú. Ó ń tọrọ àforíjì ni. Bí a ṣe ń tọrọ rẹ̀ nìyẹn."

Papa Ndong fi apá bàbá mi sílẹ̀. Ó wò ó nílẹ̀, ó wo Ìyá Àgbà, ó wo ẹsẹ̀ bàbá mi tí kò ní bàtà. Ó wá bi mí pẹ̀lú ohùn kékeré rẹ̀ yẹn pé, "Kí ni èèyàn máa ń dáhùn?"

Mo bi Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà ní bí ẹni náà bá gbà, kó fọwọ́ kàn án lẹ́yìn, kó sì ní kó dìde. Mo sọ ọ́ fún un. Ó ní kí n sọ ọ̀rọ̀ náà bí a ṣe ń sọ ọ́ gan-an ní èdè tiwa. Mo sọ ọ́, ó sì ń mi ètè tẹ̀ lé mi. Ó wá kúnlẹ̀, ó gbé ọwọ́ fífẹ̀ rẹ̀ lé ẹ̀yìn bàbá mi, ó sì sọ ọ́ jáde. Ohùn rẹ̀ gòkè níbi tó yẹ kó rọ̀, ó rọ̀ níbi tó yẹ kó gòkè, kò jọ Yorùbá rárá. Bàbá mi kò mira. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀, mi ò sì mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún. Papa Ndong rò pé kò gbọ́ òun. Ó tún un sọ, lọ́tẹ̀ yìí ó ké e tantan, bí ẹni tó ń pe èèyàn láti orí katapílà tó ń bú: "Dìde!"

Bàbá mi sì dìde.